Ohun Tó Wà Lábẹ́ Ìró: Àgbéyẹ̀wò Àwọ̀tẹ́lẹ̀ Láti Kétu

Ẹ bá mi wo okùn aṣọ nínú agbo ilé kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, nígbà tí oòrùn bá ti gun òkè. Ìró wà lórí rẹ̀, bùbá wà lórí rẹ̀, kákí ilé ìwé àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀. Ẹ ò ní rí pátá kan ṣoṣo. Àmọ́ tí ẹ bá gbé etí ìró tó fẹ̀ jù níbẹ̀ sókè, abẹ́ rẹ̀ lẹ máa bá wọn, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n há mọ́ra nínú òjìji, tí omi ṣì ń kán lára wọn nígbà tí ìró tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ ti gbẹ táútáú. Àwọn kan kò tilẹ̀ dé ìta rárá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ni wọ́n so wọ́n kọ́, níbi tí afẹ́fẹ́ kì í dé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo irú okùn bẹ́ẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọ̀tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sódì mọ́ wa lọ́wọ́.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń bèèrè ni pé, ṣé dandan ni kéèyàn wọ nǹkan sábẹ́ ìró? Ìdáhùn tí wọ́n sì máa ń rí gbà kò kọjá ti ìtìjú: ọmọlúàbí kì í wà níhòòhò lábẹ́ aṣọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹni tó ń kọ ebè lóko, ẹni tó ń jó, ẹni tó gun alùpùpù, ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, ẹni tó sùn sórí ẹní rẹ̀ lóru, ohun tí ara wọn ń fẹ́ kò dọ́gba. Bí a bá fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, ká bi ara wa pé iṣẹ́ wo ni aṣọ abẹ́ ń ṣe fún ara, iṣẹ́ wo ló ń ṣe fún aṣọ òkè, àti pé báwo la ṣe ń tọ́jú òun fúnra rẹ̀.

Àwọn ará Scotland náà ń bá ìbéèrè yìí fà á, ọkùnrin sì ni wọ́n ń bi. Aṣọ wọn tí wọ́n ń pè ní kilt jọ ìró wa ju bí èèyàn ṣe rò lọ: kò lẹ́sẹ̀ méjì, ìdí ni wọ́n ń fi í yí ká, apá kan rẹ̀ á gun orí èkejì níwájú, á sì dúró sí orúnkún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ po léraléra lẹ́yìn, débi pé nǹkan bíi yáàdì 8 ló ń wọ inú ẹyọ kan. Àṣà kan wà láàárín àwọn ọmọ ogun wọn láti ọjọ́ pípẹ́, pé akọni kì í wọ ohunkóhun sábẹ́ rẹ̀. Ní 2010, Brian Wilton tó jẹ́ olùdarí Scottish Tartans Authority, àjọ tó ń bójú tó irú aṣọ náà, sọ ọ́ síta pé ìwà ọmọdé ni, pé kò sì bá ìmọ́tótó mu. Ní ti àwọn tó ń jó ijó ìdíje wọn, wọn kò fi tiwọn sí iyèméjì rí: ẹni tó bá máa fò sókè níwájú èèyàn gbọ́dọ̀ wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀.

Èmi gbà pẹ̀lú Wilton, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi gbà kò dúró lórí ara nìkan. Kilt kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò sì ní tirẹ̀, ṣe ni wọ́n ń yá a fún ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí òógùn ẹni kan kò bá rí nǹkan mìíràn bà lé, aṣọ ẹni ẹlẹ́ni ló máa bà lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfì àti sányán wa. Ta ló ń fọ sányán lóṣooṣù? Aṣọ àjogúnbá ni, inú àpótí ló ń gbé, kò sì fẹ́ràn omi. Ohun tó bá wà láàárín òun àti awọ ara ló ń jẹ́ kó pẹ́.

Ewu sí ara náà kò kéré. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Scotland wọ kilt wọ inú yàrà ogun ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ́mù. Iná aṣọ, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, sá sínú ìṣẹ́po rẹ̀, kò sì ṣeé ṣà tán. Tí òjò bá rin ín, etí rẹ̀ á máa ha ẹ̀yìn orúnkún títí awọ á fi bó. Nígbà tí àwọn ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í fi afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní mustard jà ní 1917, ibi tí ara ti ń rin, bí abíyá àti àárín itan, ló ń jó jù, aṣọ tó sì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ kò lè dá a dúró. Nígbà tí ogun kejì bẹ̀rẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ kilt kúrò lára aṣọ ojú ogun.

Ká padà sílé. Àwọn ìyá wa ti rí ojútùú kí pátá tó dé. Tòbí ni. Aṣọ òwú ni, wọ́n á ṣẹ́ etí rẹ̀ lókè kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, obìnrin á so ó mọ́ ìdí kó tó ró ìró lé e. Ó ní àpò nínú, níbi tí owó ọjà ń gbé. Ó fẹ̀, kò fún mọ́ ara, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, òógùn kò sì rí ààyè dúró. Yẹ̀rì wà pẹ̀lú, tí òun náà jẹ́ aṣọ abẹ́ ìró. Bàǹtẹ́ wà fún ọkùnrin lóko, òun ló sì sún mọ́ pátá ìsinsìnyí jù. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí pàápàá kì í ṣe ti ẹwà nìkan; òun ni ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń mú aṣọ nǹkan oṣù dúró síbi tó yẹ.

Ìyá àgbà tó tọ́ mi ní tòbí mẹ́ta: ọ̀kan lára, ọ̀kan lórí okùn, ọ̀kan nínú àpótí. Funfun ni gbogbo wọn, kí ìdọ̀tí lè tètè hàn. Tí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á tú okùn ìdí, wọ́n á gbọn owó sórí ẹní. A máa ń gbọ́ ìró owó onírin náà láti ìta. Kí wọ́n tó jẹun, kí wọ́n tó bi wá pé kí la ṣe láti àárọ̀, wọ́n á ti rẹ tòbí náà sínú igbá omi pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Àfọ̀mọ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Ìró tí wọ́n ró lé e lè lo ọjọ́ mẹ́rin kó tó kan omi, kò sì ní rùn.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹni tí ẹ̀rọ omi wà nílé rẹ̀ ṣe lè mọ̀ lọ. Ilẹ̀ Kétu ga, ó tẹ́, ilẹ̀ pupa ni, omi abẹ́ rẹ̀ sì jìn. Láti fọ ìró kan dáadáa, ó ń gba ọpọ́n omi méjì tàbí mẹ́ta. Láti fọ pátá kan, abọ́ kan tó. Nítorí náà, ẹni tó ní àwọ̀tẹ́lẹ̀ mẹ́fà, tó ń pààrọ̀ wọn lójoojúmọ́, ń dá omi sí ni, kò fi ṣòfò. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé àṣà olówó ni pípààrọ̀ pátá lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìyá tí omi wọ́n ní ilé rẹ̀ ló nílò rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ tí èèyàn bá ń ṣe ló ń sọ bí aṣọ abẹ́ ṣe máa rí. Ẹ wo ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ìtàn gbé ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí Kétu, tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 tó sì wọ ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ọkùnrin ló ń jó o, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ń júbà fún, aṣọ obìnrin ni wọ́n sì ń wọ̀. Oníjó á fi aṣọ ṣe ọmú àti ìdí ńlá, òmíràn á fi pákó tàbí ọparun yí ìbàdí ká kí aṣọ lè fẹ̀. Gèlè àti òjá tí wọ́n so mọ́ ara wọn, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá, aya àti àbúrò wọn ni wọ́n ti yá wọn. Òjá tó gbé ọmọ lánàá ló wà ní ìbàdí oníjó lónìí, á sì padà sẹ́yìn ọmọ lọ́la.

Ẹ rò ó wò: ère igi lórí, aṣọ ìpele mélòó kan lára, oòrùn ọ̀sán, ìlù tó ń pe ẹsẹ̀ ní kíákíá. Irin ṣaworo wà lọ́rùn ẹsẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń kilẹ̀ ni irin náà ń gún awọ. Oníjó tó mọ iṣẹ́ kì í jẹ́ kí irin kan ara, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí aṣọ tí wọ́n yá a kan òógùn. Ṣòkòtò òwú tó gùn dé kókósẹ̀, tàbí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tó gun ojúgun, ló ń wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹ̀wù òwú á wà lókè. Wọn kò fi í pa ẹni tó ń jó mọ́. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, yàtọ̀ sí Egúngún, gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ igi náà. Ṣòkòtò yẹn wà nítorí awọ ẹsẹ̀ àti nítorí ìyá tó máa gba òjá rẹ̀ padà.

Elégùn Ṣàngó ní àwọn ìlú bíi Sakété àti Ìfànyìn, tí ayafọ́tò Pierre Verger ya fọ́tò wọn, sún mọ́ ọkùnrin Scotland jù lọ. Wábì ni wọ́n ń wọ̀, aṣọ ìdí tó ní abala-abala. Nígbà tí òrìṣà bá gùn ún tó ń yí bí òkòtó, abala wọ̀nyí á fò fẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára, ẹwà rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kò sí bí aṣọ tó fò sókè bẹ́ẹ̀ ṣe lè bo èèyàn, ìdí nìyẹn tí ṣòkòtò fi gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn obìnrin ológun Dahomey náà mọ èyí. Ẹ̀wù tó dé orúnkún ni wọ́n ń wọ̀, ṣòkòtò kúkúrú á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ogun Dahomey yìí ló fọ́ Kétu ní 1886, kí àwọn ọmọ ìlú tó padà wá tún un kọ́ lẹ́yìn tí Faransé ti ṣẹ́gun Gbẹ̀hànzìn, ọba Dahomey. Kò rọrùn fún ọmọ Kétu láti yìn wọ́n. Síbẹ̀, ní ti aṣọ, ẹni tó máa fò kọjá ògiri ẹlẹ́gùn-ún kò lè ró ìró lásán.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé orúkọ Kétu gba orí òkun dé Bahia ní Brazil. Ní Salvador, ilé òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Alaketu sọ pé ọmọ ọba Kétu kan, Otampê Ojarô, ló dá òun sílẹ̀. Ní irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ìyàwó òrìṣà ń wọ síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ bí agbòòrùn, tí yẹ̀rì tí wọ́n fi sítáàṣì sí gbé dúró. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ṣòkòtò òwú funfun kan máa ń wà, ó fẹ̀, ó gùn dé orúnkún, wọ́n ń pè é ní calçolão. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: òrìṣà lè gun obìnrin nígbàkigbà, ó lè ṣubú, ó lè yí nílẹ̀, orí ẹní ló sì ń jókòó. Ara rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní gbangba nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti bò ó. Nínú gbogbo ìdáhùn tí mo ti rí sí ìbéèrè yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé àánú ẹni tó wọ̀ ọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ní Kétu òde òní, alùpùpù ló ti gba ipò ijó. Obìnrin tó bá fẹ́ lọ sí Pobè tàbí Ìlárá, zémidjan, alùpùpù tó ń gbé èrò, ni yóò gùn. Ìró kò bá alùpùpù rẹ́: tí a bá ya ẹsẹ̀, á ṣí, tí a bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, a lè ṣubú, atẹ́gùn kò sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa ṣe ni pé wọ́n wọ ṣòkòtò ráńpẹ́ tó fún pinpin sábẹ́ ìró. Mi ò bá wọn wí. Ó ń bo ara, kì í jẹ́ kí itan fi ara ha itan. Àmọ́ náílọ́ọ̀nù ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́, pátá náílọ́ọ̀nù mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibí ni ìlera ti wọ ọ̀rọ̀. Kòkòrò tó ń fa làpálàpá, ẹbí olú ni. Ibi tí olú bá ń hù lóun náà ti ń hù: ibi tó gbóná, tó rin, tí oòrùn kò dé. Òwú ń mu òógùn kúrò lára, ó sì ń jẹ́ kó gbẹ. Náílọ́ọ̀nù ń sé e mọ́ ara ni. Bí ojú ara bá ń yún obìnrin tàbí tí nǹkan funfun bá ń dà níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ooru tí aṣọ sé mọ́ abẹ́ ló ń dá kún un. Kó lọ rí nọ́ọ̀sì, kó má fi ọṣẹ fọ inú ara lọ́hùn-ún, nítorí ojú ara ń tọ́jú inú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọṣẹ ló ń dà á rú. Lóde ara, omi tó mọ́ tó. Kí a nu ara gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀ kí a tó wọ ohunkóhun. Ọkùnrin tí làpálàpá bá mú ní àárín itan, kó má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní ṣòkòtò tàbí táwẹ́ẹ̀lì. Lóru, kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn ró ìró òwú lásán sùn. Àwọn ìyá àgbà wa sùn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbó.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sídìí okùn aṣọ. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cordylobia anthropophaga. Kì í ṣe èyí tó ń bà lé oúnjẹ. Kò fẹ́ràn oòrùn. Òjìji ló ń wá, á sì yé ẹyin sínú iyẹ̀pẹ̀ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ wà, tàbí sára aṣọ tí kò tíì gbẹ. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹyin á pa, ìdin tí ojú kò lè tètè rí á sì dúró de ara tó gbóná. Ọjọ́ tí a bá wọ aṣọ náà ló máa gbẹ́ ara wọlé. Á wú bí eéwo, á ní ihò kékeré lórí tó fi ń mí, lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á jáde.

Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ní irú ìdin bẹ́ẹ̀ márùn-ún ní ìdí lọ́dún kan, kò tíì pé ọdún méjì. A pè é ní eéwo, a fi omi gbígbóná jó o, ọmọ náà kò sùn fún òru mẹ́ta. Ìyá kan ládùúgbò ló wò ó dáadáa lójú oòrùn tó sọ pé, "Ẹ wò ó, ó ń mira." Ó fi òrí bo ojú ihò náà títí tí ìdin kò fi lè mí mọ́, tó yọrí síta, tó sì rọra fà á jáde lódidi. Nígbà tí a wá ibi tó ti wá, abẹ́ ìró ìyá rẹ̀ lórí okùn la bá pátá ọmọ náà, nínú òjìji, ó ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀.

Ìtìjú tí a fi bo aṣọ kékeré yẹn mọ́lẹ̀ ló gbé e fún eṣinṣin. Mo ń sọ èyí pẹ̀lú ìrora, nítorí ìtọ́jú rẹ̀ kò gba owó kankan. Kí a sá àwọ̀tẹ́lẹ̀ sí ojú oòrùn gangan, kó gbẹ délẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí a má sá a sórí koríko tàbí ilẹ̀. Nígbà òjò tí oòrùn kò bá jáde, kí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ níwájú àti lẹ́yìn, ní ojú rírán rẹ̀ pàápàá, kí a tó wọ̀ ọ́. Ooru yẹn ń pa ẹyin àti ìdin. Nígbà ọyẹ́ ní tirẹ̀, aṣọ kì í pẹ́ gbẹ.

Aṣọ nǹkan oṣù ni ọ̀rọ̀ yìí kan jù. Ọmọbìnrin tí kò lówó láti ra páàdì ń lo àkísà, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí ó bá jẹ́ òwú, bí ó bá fọ̀ ọ́ mọ́, bí ó bá gbẹ. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni wọ́n ń fi pamọ́ sínú òkùnkùn jù, sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sínú ọ̀rá, níbi tí kò ti lè gbẹ láéláé.

Nípa ibi tí a ti ń rà á, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní ọjà Missèbo ní Cotonou, aṣọ àlòkù láti Yúróòpù pọ̀ bí yanrìn, ó sì ń dé Kétu. Bùbá òkìríkà kò ṣe nǹkan kan. Pátá òkìríkà yàtọ̀. Ghana fi òfin dè é kí wọ́n má kó o wọ ìlú mọ́ ní 1994, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin náà ní 2011. Zimbabwe náà gbé òfin tirẹ̀ jáde ní ọdún 2011 kan náà. Ó dùn mí pé Benin wà lára àwọn tó ń kó òwú jáde jù lọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, síbẹ̀ pátá náílọ́ọ̀nù láti ilẹ̀ òkèèrè ló kún ọjà wa. Ní Glo-Djigbé, níbi tí ìjọba ti ń kó ilé iṣẹ́ jọ láti 2020, wọ́n ti ń fi òwú ilẹ̀ wa rán aṣọ. Títí tí ti wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, aránṣọ ládùúgbò lè fi òwú funfun rán ṣòkòtò abẹ́ ìró fún wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti na okùn kejì sí agbo ilé wọn báyìí, ní ìhà tí oòrùn ọ̀sán ń bà, fún àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan. Ìyá ọkọ wọn bínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní kí àlejò tó bá wọlé rí kí ni? Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màámi, ọ̀rọ̀ ìdin yẹn ló ń bà mí lẹ́rù." Ìyá kò dáhùn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, pátá àwọn ọmọ wà lórí okùn náà ní ìlà, tòbí funfun kan sì wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, tí okùn ìdí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ tó ń jó nínú atẹ́gùn.